Ẹja Ìka Tí Kì í Sá

Bí ẹ bá fẹ́ mọ agbẹ́kànga tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà le bíi pákó, abẹ́ èékánná rẹ̀ ò sì mọ́ rí látìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́, torí abẹ́ ilẹ̀ niṣẹ́ rẹ̀ wà, ilẹ̀ kì í sì í jẹ́ kéèyàn lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Nínú àwọn kànga tó wà ládùúgbò wọn, òun ló gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù. Àwọn èèyàn ní bó bá da etí délẹ̀, ó máa ń gbọ́ ohùn omi. Irọ́ ni o, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó kàn mọ irú koríko tó ń hù níbi tómi bá ti sún mọ́ òkè ni. Ṣùgbọ́n kò bá wọn jiyàn. Ta ló ń bá ẹni tó ń yìn ín jiyàn?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, inú rẹ̀ ń dùn, torí kànga tó ń gbẹ́ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ló parí. Aránṣọ lọmọ yìí. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé yàrá méjì sórí ilẹ̀ kan lẹ́yìn ojú irin rélùwéè. Ilé náà ò tíì lájà, pákó lásán ni wọ́n ṣì fi dí fèrèsé kan, ṣùgbọ́n ilé ẹni nilé ẹni. Omi ló kù. Látìgbà tí wọ́n ti kó débẹ̀, ojoojúmọ́ ni aránṣọ ń gbé ike lérí lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lójú títì, á tò síbẹ̀ títí ọrùn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú èjìká, kó tó wá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀ fi sọ pé òun fúnra òun lòun máa gbẹ́ kànga yẹn, ọwọ́ ẹlòmíì ò ní í kàn án.

Ọ̀nà tí bàbá yìí àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà parí kànga, ẹ fetí sí i dáadáa, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ tán, tí wọ́n ti sọ òrùka kọnkéré sí i, tí omi sì ti tòrò, wọn kì í kàn sọ fónílé pé ó yá, máa mu. Wọ́n á lọ sódò kékeré kan tó ń ti orí òkè wá, wọ́n á mú ẹja wẹ́wẹ́ kan níbẹ̀. Ẹja ìka ni wọ́n ń pè é, torí kò gùn ju ìka ìlábẹ̀ lọ. Wọ́n á fi sínú kànga. Bó bá ṣì wà láàyè nígbà tí agbẹ́kànga bá padà wá wò ó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, omi dára nìyẹn. Bó bá kú, tó léfòó, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan ń bẹ nínú ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n á dí kànga, wọ́n á lọ gbẹ́ òmíì síbòmíì. Èyí tó bá yè á tún máa jẹ tanwíjí inú omi, ẹ̀fọn ò ní í ráyè pamọ síbẹ̀. Ọwọ́ bàbá tiẹ̀ ni agbẹ́kànga ti kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n kò já wọn kulẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n sì ń gbẹ́ kànga ti ọmọ rẹ̀ yìí, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tó mú kí ẹja yẹn ṣe pàtàkì. Wọn ò tíì gbẹ́ ẹ jìn tí ilẹ̀ dúdú kan fi jáde, ó dà bí eérú tí wọ́n fi òróró pò, àwọn nǹkan pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ sì wà nínú rẹ̀ tó wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lọ. Àbúrò ìyàwó agbẹ́kànga, tó máa ń bá a fa okùn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní Afakùn, gbé ọ̀kan, ó yí i sọ́tùn-ún yí i sósì, ó bi í pé kí lèyí. Agbẹ́kànga ní pàǹtí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, kó kó o dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe pé kò fura o. Ó fura. Ó kàn sọ nínú ara rẹ̀ pé kò burú, ẹja á sọ fún wa.

Ó dáa. Òun àti Afakùn wá gbéra lọ sódò láàárọ̀ náà pẹ̀lú agbọ̀n àti korobá. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti máa ń mú un, kò sí. Wọ́n gòkè díẹ̀, kò sí. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, àwọn ọmọ akàn ló ń wò wọ́n. Omi tí wọ́n ti máa ń ríran dé ìsàlẹ̀ nínú rẹ̀ ti pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀. Àwọn igi tó máa ń ṣíji bò ó, wọ́n ti gé wọn. Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀, àwọn kọ́lékọ́lé ti fi ọkọ̀ kó wọn lọ.

Afakùn nu ojú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwọn ẹja yìí mà ti gbọ́ pé à ń bọ̀. Bóyá wọ́n re òde ìyàwó.”

Agbẹ́kànga ò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ti ń lọ, ilé ọmọ rẹ̀ sì ń retí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe máa ń mú ẹja yìí fún yín. Lásìkò tójò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ara ọ̀pọ̀ nínú wọn á wà bó ṣe wà, ó rí bí àwọ̀ iyanrìn, bí òjìji ẹ bá sì ti kọjá lórí omi, fìrì, wọ́n ti lọ. Ṣùgbọ́n ikùn àwọn kan á pọ́n bí ẹyinná. Àwọn tó pọ́n yìí kì í sá. Kálukú á dúró sẹ́nu ihò kékeré kan lábẹ́ òkúta, á máa fi lẹbẹ fẹ́ omi, á máa wò yín. Ẹ á na ọwọ́ sí i, kò ní í kúrò. Òmíì á tún fi orí kan ìka yín, bí ẹni tó ń lé àlejò padà. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló máa fi èyí tí kì í sá sílẹ̀, táá lọ máa lé èyí tó ń sá? Àwọn tó pọ́n yìí ni agbẹ́kànga máa ń mú, ọdọọdún. Ó ní àwọn ni akọni inú wọn. Àwọn onílé náà sì fẹ́ràn wọn, wọ́n ní ó dùn ún wò nínú omi, àwọn míì á ní kó fi méjì mẹ́ta sí i.

Ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ̀ lé e lọ sódò lọ́jọ́ yẹn láti lọ fọ aṣọ, ó wá rí bó ṣe ń kó wọn bí ẹni ń ṣa èso. Obìnrin náà ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ̀dá wo ló ń rí ọwọ́ tó tóbi ju gbogbo ara rẹ̀ lọ, tí kò ní í sá, bí kò bá ní ohun tó ń ṣọ́?”

Agbẹ́kànga ní, “Ìwọ náà ẹ̀, ṣé o sá nígbà tí mo wá fẹ́ ọ?”

Obìnrin rẹ́rìn-ín, ó fún omi aṣọ dànù, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́ ni ẹ̀rín máa ń gbé lọ mọ́ wa lọ́wọ́ báyẹn.

Nígbà tí wọ́n wá wá ẹja ìka títí tí wọn ò rí i, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé ọkùnrin kan tó ń sin ẹja àrọ̀ nínú kòtò onísìmẹ́ńtì kọjá. Agbẹ́kànga dúró. Ó wo inú kòtò. Ó ní kí ọkùnrin náà bun òun ní ọmọ àrọ̀ kan, èyí tó kéré jù.

Afakùn ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹja yìí, bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ sínú ẹrẹ̀ pẹ́ńpẹ́, á ní ilé òun rèé. Kí ló fẹ́ bá wa dán wò?”

“Ẹja kì í ṣe ẹja ni?”

“Ẹja lẹja. Èèyàn náà lèèyàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n lọ tọ́ ọtí wò fún àlùfáà, ẹ mọ̀ pé ọtí ò ní í korò lẹ́nu mi.”

Agbẹ́kànga sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé kó gbé korobá. Inú ń bí i díẹ̀, torí òótọ́ lọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa dé iwájú ọmọ tó ti ń rọ́rùn mọ́ ike láti ọjọ́ yìí, kó ní iṣẹ́ òun ò tíì parí? Agbẹ́kànga tí gbogbo ayé ní ó ń gbọ́ ohùn omi? Ìtìjú kékeré ni. Ẹ sì máa rí ohun tó gbé dé.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ sáré pàdé wọn ni ọmọ aránṣọ, ọmọdébìnrin kan tí kò tíì tó ẹni tó ń lọ iléèwé ńlá, tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, ẹnu òun náà sì mú, orúkọ yẹn bá a mu. Kò sóhun tí kò lórúkọ lẹ́nu ọmọ yẹn. Bọ́tìnì, ihò bọ́tìnì, òwú tó já, òwú tó fẹ́ já, gbogbo rẹ̀ ló ń pè. Ó yọjú wo korobá.

“Bàbá àgbà, ẹja ìka kọ́ rèé o.”

“Kí ló dé?”

“Ó nírùngbọ̀n.”

“Àgbààgbà wọn nìyẹn,” ni bàbá rẹ̀ àgbà dá a lóhùn.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Afakùn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń ká okùn. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí, ó ní ọwọ́ bàbá òun kò ní í gbẹ láyé. Wọ́n sọ ẹja sínú kànga. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, agbẹ́kànga padà wá, ó yọjú wò ó, ẹja ń fò sókè ń fò sílẹ̀ bí ọmọ ọlọ́lá. Wọ́n fa omi. Ife àkọ́kọ́, òun ni wọ́n gbé e fún. Ó mu díẹ̀, ó gbé ìyókù fún Abẹ́rẹ́.

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni, omi ò lọ́tàá. Ohun tí wọn ò sọ fún wa ni pé omi máa ń gba ohunkóhun tá a bá dà sí i lálejò, kì í sì í sọ fẹ́nì kan.

Nǹkan ò ṣẹlẹ̀ lójijì. Bó bá jẹ́ pé ó ṣẹlẹ̀ lójijì ni, wọn ì bá tètè mọ̀. Wọ́n ń fi omi náà se oúnjẹ, wọ́n ń mu ún, ó mọ́ gaara, kò rùn, kò kan. Ìgbà òjò kan kọjá, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Abẹ́rẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé inú ń run òun. Wọ́n ní aràn ni, wọ́n fún un lóògùn aràn. Ìgbẹ́ ò wá dáadáa. Oúnjẹ ò wù ú. Ọmọ tó máa ń sáré kiri wá di ẹni tó ń sùn sórí aṣọ gígé lábẹ́ ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Orí ń fọ́ ìyá náà pẹ̀lú, ọwọ́ rẹ̀ sì ń rẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń gbé aṣọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàwàdà pé ojú rírán rẹ̀ ti ń mutí. Ó rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù.

Ọjọ́ kan ló ní kí Abẹ́rẹ́ bá òun mú àlùmọ́gàjí. Ọmọ dúró láàárín yàrá, ó ń wò. Ó ní, “Màmá, èwo ni?” Ìyá ní àlùmọ́gàjí. Ọmọ ní, “Ṣé èyí tá a fi ń… èyí tá a fi ń gé nǹkan yẹn?” Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn lẹ̀rù tó bà á. Àwọn aládùúgbò ní kò sí nǹkan kan, wọ́n ní ọmọ náà ń dàgbà ni, ó ń farabalẹ̀. Ọmọ tó ń gbàgbé ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìfarabalẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Nílé ìwòsàn, wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ibà. Kò yí padà. Nígbà tí wọ́n padà lọ, dókítà obìnrin kan tó dàgbà díẹ̀ ló gbà wọ́n. Ìyẹn ò sáré kọ oògùn. Ó wo ìpéǹpéjú ọmọ, ó rí i pé kò lẹ́jẹ̀ lára. Ó bi ìyá léèrè ohun tó yí padà nílé wọn látìgbà tí ara ọmọ ti dá gbẹ̀yìn. Ìyá ní kò sí nǹkan tó yí padà, àfi pé àwọn kó lọ sílé tuntun, àwọn sì ní kànga. Dókítà ní kí ni wọ́n ń ṣe lórí ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀? Aránṣọ ní òun ò mọ̀. Wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ìyá, wọ́n fa tọmọ.

Nígbà tí èsì dé, agbẹ́kànga àtìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́.

Dókítà ní, “Òjé ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Òjé tí wọ́n fi ń ṣe inú bátìrì ọkọ̀. Ti ọmọ ló pọ̀ jù.”

Aránṣọ ní kí ló gbé òjé dénú ẹ̀jẹ̀ àwọn.

Dókítà ní, “Omi ni mo fura sí. Òjé kì í rùn, kì í yí àwọ̀ omi padà, kò ládùn kò níkorò. Ẹ sì máa rántí eléyìí: bẹ́ ẹ bá se omi náà, kò ní í lọ. Omi ló máa fà lọ, òjé á dúró sínú ìkòkò. Ara àgbà lè bá a jà díẹ̀. Ti ọmọdé ò rí bẹ́ẹ̀, ọpọlọ ló máa ń bà á jẹ́. Ẹ má tún bu omi yẹn sẹ́nu láti òní.”

Aránṣọ mi orí. Ó ní, “Kò lè jẹ́ omi, dókítà. Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ẹja ìka wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ.”

Abẹ́rẹ́ la ojú díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Ó nírùngbọ̀n.”

Ìyàwó agbẹ́kànga bojú wo ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ṣófo. Ọkọ rẹ̀ ti jáde síta.

Dókítà ránṣẹ́ sáwọn tó ń yẹ omi wò. Àwọn méjì ló wá. Ọ̀kan bu omi sínú ìgò, ó kó ilẹ̀ dúdú yẹn sínú ọ̀rá. Èkejì, ọmọbìnrin kan tí iṣẹ́ tiẹ̀ jẹ́ ẹja inú odò, ó ní òun tẹ̀ lé wọn wá torí òun gbọ́ pé wọ́n ní ẹja ìka nínú kànga, òun sì ti ń wá a kiri tipẹ́. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú kànga, ó ju korobá sí i, ó fà á sókè. Àrọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó ti sanra, irùngbọ̀n rẹ̀ ti gùn.

Ó ní, “Ta ló fi eléyìí síbí?”

Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, aránṣọ, ọkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀, Afakùn.

“Èmi ni,” ni agbẹ́kànga sọ.

Aránṣọ ní, “Bàbá, ẹ ní àgbà wọn ni. Mo rò pé ẹ̀ ń ṣàwàdà ni.”

“Mò ń ṣàwàdà. Àwàdà ni mo fi bò ó. A wá ẹja ìka títí, a ò rí i. A sì ti rí ilẹ̀ dúdú yẹn nígbà tí à ń gbẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n bẹ̀rù. Mo mọ̀, ọmọ mi.”

Aránṣọ ò bú u. Ì bá sàn bó bá bú u. Ó kàn wọlé, ó ti ilẹ̀kùn pẹ́lẹ́, wọ́n sì gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀, tó dúró, tó tún bẹ̀rẹ̀, tó tún dúró.

Ọmọbìnrin onímọ̀ ẹja náà ṣàánú bàbá yìí. Ó jókòó sórí òrùka kọnkéré kan tó ṣẹ́ kù, ó ń ṣàlàyé fún un. Ó ní àrọ̀, òkè omi ló máa ń gòkè wá láti gbé afẹ́fẹ́ mì, ìdí nìyẹn tó fi lè gbé inú ẹrẹ̀, inú omi ìdọ̀tí, ibi tí ẹja míì ò lè gbé. Ó ní ẹja ìka ò ní irú ọgbọ́n yẹn. Inú omi nìkan ló ti ń mí, láti ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ohun tó bá wà nínú omi ti wà nínú ara rẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n sọ sínú kànga yìí, kò ní í pẹ́ tó fi máa kú.

Agbẹ́kànga ní, “Kò sí mọ́ lódò. Ibo ló lọ?”

“Bàbá, àwọn wo lẹ máa ń mú nínú wọn?”

“Àwọn tó pọ́n. Àwọn tí kì í sá.”

Ọmọbìnrin náà gbé tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní, “Akọ ni wọ́n. Abo á lẹ ẹyin mọ́ abẹ́ òkúta, á sì máa lọ. Akọ ló máa dúró tì í. Òun ló ń fi lẹbẹ fẹ́ omi sí ẹyin kí ẹrẹ̀ má bàa bò ó, òun ló ń lé ohun tó fẹ́ jẹ ẹ́. Kò ní í jẹun dáadáa títí ẹyin á fi di ọmọ. Ẹ rò pé ó gbójú ni. Bàbá ọmọ ni, Bàbá. Òun náà ń bẹ̀rù. Kò lè fi wọ́n sílẹ̀ ni kò jẹ́ kó sá. Bẹ́ ẹ bá ti mú un, kò tó ọjọ́ kejì tí gbogbo ẹyin yẹn fi máa ṣòfò. Ẹja yìí ò sì lẹ́mìí gígùn. Bí ìgbà òjò méjì bá kọjá lójú ẹ̀, ó ti darúgbó nìyẹn. Bí wọn ò bá wá bímọ lọ́dún yìí, tí wọn ò bímọ lámọ́dún, ta ló kù?”

Ó ní kì í ṣe agbẹ́kànga nìkan ló ṣe é. Ẹni tó kó òkúta lọ, ilé ẹyin ló kó lọ. Ẹni tó gé igi, ó jẹ́ kí oòrùn wọ omi, omi sì gbóná ju ohun tí ara ẹja yẹn lè gbà lọ. Ẹni tó ń wa yanrìn lókè, ẹrẹ̀ tó rú ló ń fi bo ẹyin mọ́lẹ̀. Ó ní nínú gbogbo odò táwọn ti yẹ̀ wò, odò kékeré yẹn nìkan làwọn ti rí i rí.

Agbẹ́kànga ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin yẹn lè sọ pé “mo wí,” kò sì sẹ́ni tó máa bá a jiyàn. Kò sọ ọ́. Ó kàn gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Èsì omi dé, bó ṣe rí náà ló rí. Ìgbà yẹn ni bàbá arúgbó kan ládùúgbò wá sọ pé àh, ibẹ̀ kẹ̀, ibẹ̀ làwọn tó ń fọ́ bátìrì ògbólógbòó ti máa ń da omi ásíìdì nù nígbà kan, gbogbo èèyàn mọ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun.

Agbẹ́kànga fọwọ́ ara rẹ̀ dí kànga náà. Òun àti Afakùn po kọnkéré, wọ́n dà á lé e lẹ́nu, Afakùn ò sì dá àpárá kan títí wọ́n fi parí. Aránṣọ àti ọkọ rẹ̀ kó kúrò lórí ilẹ̀ yẹn, wọ́n padà sí yàrá kan tí wọ́n háyà, ike sì padà sórí. Wọ́n fún Abẹ́rẹ́ lóògùn tó ń fa òjé jáde nínú ẹ̀jẹ̀. Inú rírun lọ. Ẹ̀jẹ̀ padà sí i lára, ó tún ń sáré. Ṣùgbọ́n dókítà sọ ọ́ fún wọn láìfi bò, pé oògùn lè fa òjé jáde, kò lè dá ohun tó ti gbé lọ padà. Ọmọ náà ń lọ iléèwé báyìí. Ohun táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, tiẹ̀ di ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Aránṣọ ń kí bàbá rẹ̀. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń gbé àga fún un. Ṣùgbọ́n bí bàbá yẹn bá gbé omi fún ọmọ, ìyá á kọ́kọ́ béèrè níbo lẹ ti bu ú, Bàbá. Á bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bàbá náà á sì dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò sígbà tí kò dùn ún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọbìnrin onímọ̀ ẹja wá pe agbẹ́kànga. Ó ní àwọn rí díẹ̀ lókè pátápátá, níbi orísun omi náà, lókè ibi tí omi ti ń já lórí àpáta, tí ọkọ̀ akòkúta ò lè dé. Ó fẹ́ kó wá bá òun bá àwọn agbẹ́kànga ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n yéé mú àwọn ẹja náà. Ó lọ, ó sì mú Abẹ́rẹ́ dání. Igi ṣì bo ibẹ̀. Omi tutù, ẹ lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀, ikùn rẹ̀ pọ́n bí ẹyinná, ó dúró sẹ́nu ihò rẹ̀, ó ń fi lẹbẹ fẹ́ omi.

Abẹ́rẹ́ ti ìka bọ omi. Ẹja náà wá, ó fi orí kan ìka ọmọ náà, ó sì padà sẹ́nu ilé rẹ̀.

“Kò sá,” ni ọmọ náà sọ. “Bàbá àgbà, kí lorúkọ ẹ̀?”

“Ẹja ìka ni.”

Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, wọn ò tíì dé ẹsẹ̀ òkè, ó tún bi í. Ó tún sọ fún un.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àbámọ̀ kì í ṣíwájú ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ló máa ń wà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀, tàbí ẹ fẹ́ gbẹ́ kànga, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn arúgbó ibẹ̀ ohun tí wọ́n ti ṣe lórí rẹ̀ rí, kódà bí wọn ò bá fẹ́ sọ. Kẹ́ ẹ tó mu omi kànga tuntun, ẹ jẹ́ kí wọ́n bu ú lọ yẹ̀ wò níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò, ẹ má fi ẹja ṣe dókítà, ẹ má sì gbà pé omi tó mọ́ lójú ti mọ́ nínú. Ẹni tó ń fọ́ bátìrì, má da inú rẹ̀ sílẹ̀, ọmọ ẹnì kan ló máa mu ún. Ẹ fi òkúta odò sílẹ̀ sódò, ẹ fi igi etí omi sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì rí ẹ̀dá kékeré kan tí kò sá fún yín, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìdí láti mú un. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Agbẹ́kànga ní ẹja á sọ fún òun. Ì bá sì ti sọ fún un lóòótọ́, bí kì í bá ṣe pé òun fúnra rẹ̀ ti kó àwọn tó máa sọ ọ́ tán lódò.